Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fò Lẹ́yìn Àpò Oúnjẹ Ajá

Obìnrin kan tí kò mọ̀wé ní kí n ka ohun tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ ajá kan, tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò rẹ̀, fún òun. Mo kà á. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Òun ló já okùn ọ̀rẹ́ tó dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ.

Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lásunwọ̀n, Ìkòròdú, èmi ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Ní ọdún tó kọjá, mo ní kí Dùnsìn, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa, bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀ nítorí irọ́ tó pa fún ọ̀gá akọrin.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Mà, irọ́ kékeré ni. Mi ò fi pa ẹnikẹ́ni lára."

Mo ní, "Irọ́ kò ní kékeré. Bọ́ aṣọ náà."

N kò mọ̀ pé ara mi ni mo ń bá wí.

Orúkọ mi ni Morìnsọ́lá, Ìyá Israel. Àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó mọ lẹ́tà kìíní yàtọ̀ sí ìkejì. Èmi àti ará ilé kejì wa, Fàlílátù, Ìyá Mubashir, la jọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, òun sì máa ń lo "o" fún mi. Orí bẹ́ńṣì kan náà la jókòó sí.

Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ní láti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó lè tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fi ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ìwọ má kúrò o. Kà á dé òpin. Ojú kan tó fún àwa méjèèjì. Ìwọ ni ojú mi."

Ojú Mi ni ó sì ń pè mí láti ọjọ́ náà. Ìwé iná, páálí oògùn, ọ̀rọ̀ tó bá wọ orí fóònù rẹ̀, èmi ni mo ń kà á fún un. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú pàápàá, èmi ni mo ka gbogbo ìwé tó yẹ kó tẹ̀ka sí. N kò ṣi nǹkan kan kà fún un rí.

Mubashir ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Géńdé ni, aláwàdà ni. Ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, wọn kò mú un. Ló bá ra ajá kan, ó sọ ọ́ ní Sájẹ́ńtì.

Ó ní, "Màámi, wọ́n ní mi ò lè di sájẹ́ńtì. Ó dáa, èmi ni màá máa pàṣẹ fún sájẹ́ńtì."

Ọkọ̀ akẹ́rù ló pa á ní ọ̀nà Ìtóìkín.

Fàlílátù kò lè gbé ilé yẹn mọ́. Ó kó ẹrù padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Aṣọ Mubashir, ó fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Bàtà rẹ̀, ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Sájẹ́ńtì nìkan ni kò fi sílẹ̀. Òun nìkan ló kù tó mọ ohùn ọmọ rẹ̀.

Àwọn obìnrin àsáláátù rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kò gba ti ajá. Waliyah, olórí wọn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bò.

"Fàlílátù, ajá lo wá fi rọ́pò ọmọ?"

"Ìta ló ń sùn, Waliyah. Ilé ló ń ṣọ́. Mo ti bi Àáfà, wọ́n ní ti ìṣọ́ kò séwu. Abọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, abọ́ mi lọ́tọ̀."

"Ó dáa. Bá wa kí Sájẹ́ńtì. Sọ fún un pé kó má gbàgbé láti dá wa dúró, kó béèrè ìwé ẹ̀rí wa bí ṣọ́jà, tá a bá ń bọ̀."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Òun náà a rín in. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fara da ìgbé ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dára.

"Ojú Mi, Sájẹ́ńtì fẹ́ kú."

"Kí ló ṣe é?"

"Irun ń já lára ẹ̀. Egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Kúbúrá, dókítà ẹranko. Ó ní kì í ṣe àrùn. Ẹ̀bà àti ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ tí mò ń fún un ni, kò sí ohun tó ń mú ara le nínú ẹ̀. Ó ní kí n ra oúnjẹ ajá gbígbẹ tó dáa, àwọn oníkóró yẹn. Ó ní gbogbo àpò kọ́ ló dáa o. Ó ní kí á yí àpò padà, kí á wo ohun tí wọ́n kọ ṣáájú, torí òun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbàdo ló ṣáájú, kí n gbé e sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì kọ 'ẹran' lásán, tí wọn ò dárúkọ ẹran wo, kí n gbé ìyẹn náà sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín."

"Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí. Bá mi rà á. Kà á dáadáa. Ohun kan péré ni mo tún bẹ̀ ọ́ sí: ẹlẹ́dẹ̀ ò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ajá ni yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ni màá fi máa bù ú, ọwọ́ yìí náà ni mo fi ń ṣe àdúà fún Mubashir."

"Ìyá Mubashir, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ni mo jẹ́ sí yín?"

"Ojú mi ni ọ́."

Mo lọ sí àdúgbò Benson ní Ìkòròdú. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Oríyọmí, tó ń ta oúnjẹ adìẹ, ti ẹja àti ti ajá. Bí mo ṣe wọ awò ojú mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn àpò padà, ó pariwo ẹ̀rín.

"Màmá, ṣé ajá yín fẹ́ ṣe ìdánwò ni? Àwọn ẹlòmíì kàn ń wo àwòrán iwájú ni o!"

"Àwòrán ò ṣeé jẹ. Gbé èyí tó wà lókè yẹn wá."

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ yẹn náà. Ó máa ń dùn mọ́ mi tí àwọn ènìyàn bá rí mi tí mò ń kàwé.

Àpò àkọ́kọ́, àgbàdo ló ṣáájú. Èérí ọkà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sóyà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti kọ "ẹran àti àjẹkù ẹran", wọn kò dárúkọ ẹran kankan. Aró pupa sì tún wà nínú rẹ̀. Ta ni ajá fẹ́ fi àwọ̀ pupa yangàn fún? Mo gbé e sílẹ̀.

Èkejì fi ìrẹsì ṣáájú, iyọ̀ àti ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Mo gbé ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo wá gbé ẹ̀kẹta. Adìẹ ló ṣáájú. Adìẹ gidi, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ìrẹsì tẹ̀ lé e. Òróró ẹja tẹ̀ lé ìyẹn. Ọkàn mi fò fáyọ̀. Kò sí àgbàdo, kò sí aró. Mo ń bá a lọ, ìka mi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa, títí mo fi dé ọ̀kan.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a mú gbẹ, tí a sì lọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni kárọ́ọ̀tì.

Mo dúró. Àwọn àpò mìíràn wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n to wọ́n jọ, iwájú wọn nìkan ni mo ń rí. Bí mo bá bi Oríyọmí pé, "Ṣé èyí tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ wà?" ọ̀rọ̀ parí.

N kò bi í.

Ẹni tí kò bá tíì di àgbà láìmọ̀wé kò lè mọ ohun tó dá mi dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi na ìwé sí àjèjì lójú pópó pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí?" Àwọn kan á kà á, àwọn kan á fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo mọ̀wé, mo búra pé n kò ní í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan tó bá wà lákọsílẹ̀ mọ́. Oríyọmí sì ti ń wò mí bí ọ̀mọ̀wé.

Ẹ wá gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń bá ara rẹ̀ rojọ́ tó bá fẹ́ ṣe ibi. Mo ní, àpò àkọ́kọ́ tó ní "ẹran" lásán yẹn ńkọ́, ta ló mọ̀ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ ni? Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ṣe olóòótọ́, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Mo ní, ajá ni yóò jẹ ẹ́, kì í ṣe ènìyàn. Mo ní, díẹ̀ ni, ó wà ní ìsàlẹ̀. Mo ní, Sájẹ́ńtì ń kú lọ, bó bá sì kú, Fàlílátù yóò tún sin Mubashir lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìfẹ́ ni mo pè é.

Mo ní, "Oríyọmí, di èyí fún mi."

Fàlílátù ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́. Sájẹ́ńtì dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, kò dìde. Ó kàn ju ìrù lẹ́ẹ̀kan.

"Jókòó. Mu omi. Ó yá, kà á fún mi."

Mo wọ awò. Mo fi ìka sí orí àpò. "Adìẹ."

"Adìẹ," ó tún un sọ.

"Ìrẹsì. Òróró ẹja."

"Òróró ẹja. Ó dáa."

Ìka mi dé orí ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i. Ó dúdú kedere. Mo sún ìka mi kọjá.

"Kárọ́ọ̀tì."

"Kò sí ẹlẹ́dẹ̀?"

"Kò sí."

Ó dì mọ́ mi. "Alhamdulilahi. Ojú Mi, Ọlọ́run á dá ojú rẹ sí."

Mo ṣe àmín.

Sájẹ́ńtì kò jẹ oúnjẹ náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fàlílátù bu kóró oúnjẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kọrin tó máa ń kọ fún Mubashir ní kékeré. Ajá kò jẹ.

Ó wá yí sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí Mubashir náà ṣe rí nìyí. Kò ní jẹ nǹkan àfi tí mo bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹ̀."

Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti sọ kóró kan sẹ́nu. Ó rún un wómúwómú. Ó gbé e mì.

"Wò ó, Sájẹ́ńtì, màmá ẹ jẹ ẹ́! Ó dùn bíi panla!"

Ajá dìde. Ó jẹ èyí tó kù ní ọwọ́ rẹ̀ tán.

Fàlílátù bú sẹ́kún ayọ̀. Èmi gbé ife omi mi sílẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ti pa irọ́ kan rí, ibì kan wà tí ọ̀nà ti máa ń là sílẹ̀ fún yín láti padà. Tèmi ni ìgbà tí kóró yẹn wà láàrin eyín ọ̀rẹ́ mi. Mo wò ó títí ó fi gbé e mì.

Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ fọ ọwọ́ yín o."

"Kí ni mò ń fọ̀? Ṣebí adìẹ àti ẹja ni. Ìwọ náà lo kà á."

Sájẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Irun rẹ̀ padà, ó ń dán. Nígbà tó yá, ó ń lé adìẹ àwọn aládùúgbò. Àpò tó bá tán, mo tún gbé òmíràn lọ. Kò sí ibi tí Fàlílátù dé tí kò dárúkọ mi. Ó kó àwọn èròjà náà sórí bí orin: adìẹ, ìrẹsì, òróró ẹja, kárọ́ọ̀tì. Ó ń kà á fún ẹni tó bá béèrè àti ẹni tí kò béèrè.

Ní ọjọ́ kan, Waliyah fúnra rẹ̀ pè mí jókòó.

"Ìyá Israel, mo ti bú ajá yẹn títí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá yìn ín. Ó ti sanra ju mí lọ. Ọmọ mi ní ọ̀kan tó ń ṣọ́ odò ẹja wa, ó ti rù. Ẹ bá èmi náà ra àpò kan. Fàlílátù ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀."

Fàlílátù ń wò mí, ojú rẹ̀ ń tàn. "Sọ fún un, Ojú Mi."

Mo ní, "Kò sí."

Irọ́ àkọ́kọ́, orí àpò ni ojú mi wà nígbà tí mo pa á. Èyí, mo wò wọ́n lójú mo pa á.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ẹgbẹ́ obìnrin, mo sì kọ́ wọn nípa ahọ́n. Dùnsìn jókòó lẹ́yìn, láìwọ aṣọ akọrin. N kò lè wo apá ibẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Fàlílátù pè mí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

"Wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ aṣọ tó dáa. Má bi mí ní nǹkan kan."

Kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló mú mi lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àwọn àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn obìnrin àsáláátù kún ẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, olùkọ́ wọn, na ọwọ́ sí mi.

"Ṣé Ojú Mi nìyí? Wọ́n ti sọ̀rọ̀ yín títí. Ẹ wá jókòó níwájú."

Mo wo Fàlílátù. Ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo padà sílé-ẹ̀kọ́," ó ní. "Mi ò fẹ́ sọ fún ọ títí màá fi lè kà fún ọ. O ti kà fún mi tó. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíláàsì náà ni pé, lọ́jọ́ ìkàwé, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú ohun kan tí ìwé wà lára rẹ̀ wá láti ilé rẹ̀, yóò sì kà á létí gbogbo ènìyàn. Bàbá kan ka páálí oògùn ibà. Obìnrin kan ka kàlẹ́ńdà. À ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Fàlílátù dìde. Ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ bẹ́ńṣì.

Àpò oúnjẹ Sájẹ́ńtì ni. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa bí aṣọ òkè.



Ó ka orúkọ tó wà níwájú. Òun àti olùkọ́ ti dán ìyẹn wò, ó kà á láìkọsẹ̀. Àtẹ́wọ́ sọ. Ó yẹ kó jókòó.

Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀yìn ẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi máa ń kà fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Mo dìde. "Ìyá Mubashir, ó ti tó. Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín."

"Jókòó, jàre! Mo fẹ́ yangàn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka sórí àpò, bí mo ṣe máa ń gbé e.

"Ṣí... kìn. Ṣíkìn. Adìẹ nìyẹn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ráì... sì. Ìrẹsì. Fíìṣì... ọ́ìlì. Òróró ẹja. Ó kù kárọ́ọ̀tì."

Ìka rẹ̀ sún síwájú. Ó dúró. Ó tẹ orí sún mọ́ àpò.

"Pọ́... pọ́ọ̀... pọ́ọ̀kì."

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yí sí mi. Kò bínú. Ó rò pé òun ló ṣì í kà.

"Ojú Mi, o ò ka èyí fún mi rí. Kí ni pọ́ọ̀kì?"

Ó yí sí olùkọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, kí ni?"

Olùkọ́ wo ilẹ̀. Waliyah ló dáhùn láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju bí mo ti gbọ́ ọ rí lọ.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni, Fàlílátù."

Fàlílátù gbé àpò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rọra gbé ọwọ́ náà kan ètè rẹ̀.

"Mo tọ́ ọ wò," ó ní. "Ìyá Israel, mo tọ́ ọ wò. Ẹ sì jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò mí."

Ó pè mí ní Ìyá Israel. Ó lo "ẹ" fún mi. Kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo.

Waliyah dìde dúró lé mi lórí. "Ẹ tún fọwọ́ sọ̀yà fún èmi náà! Obìnrin tí ń fi Bíbélì sábẹ́ apá! Kí la ṣe fún yín?"

Mo gbé àpamọ́wọ́ mi, mo jáde. Kò sí ẹni tó dá mi dúró.

Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, ọ̀dọ̀ Oríyọmí ni mo gbà lọ. N kò mọ ohun tí mo ń wá. Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo yí àwọn àpò tó wà níbẹ̀ padà fúnra mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹja ló ṣáájú, ìrẹsì tẹ̀ lé e, ẹyin adìẹ, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ẹran tí wọn kò dárúkọ.

"Oríyọmí, ìgbà wo ni èyí ti wà níbí?"

"Èyí? Ó ti pẹ́ gan-an, màmá. Àwọn Alhaji ló máa ń rà á. Ẹ ò béèrè ni."

Mo jókòó sórí àpò oúnjẹ adìẹ, mo sunkún níṣojú àwọn tó wá rajà.

Mo gbé àpò ẹlẹ́ja náà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò sí ohun tó gbó mi lẹ́nu ọ̀nà. Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, okùn nìkan ló wà níbẹ̀.

Fàlílátù jáde. Ó gbé àga fún mi. Ó tilẹ̀ bu omi.

"Ìyá Mubashir, Sájẹ́ńtì dà?"

"Mo fi fún àwọn apẹja. Wọ́n gbé e sọdá ọ̀sà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí tó mọ́. Ẹja ni. Ẹ wò ó, ẹ kà á fúnra yín..."

"Mo ti kàwé tó." Ó jókòó. "Àáfà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn mi. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Ọkàn mi gbà á. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òru tí mo tẹ́ ọwọ́ sí Ọlọ́run nítorí ọmọ mi, ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ sì ń sùn."

"Mo fẹ́ kó má kú ni. Mo fẹ́ kí nǹkan Mubashir kù sí yín lọ́wọ́."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Tó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, màá lè jẹ́ kó wà níbí." Ó nu ojú. "Gbogbo ìgbà tí ajá yẹn bá wò mí, ẹnu yín ni mo ń rí, tó ń sọ pé kò sí. Mi ò lè fún un lóúnjẹ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi náà lọ, ó ń wo ẹ̀yìn. Ó rò pé Mubashir ni wọ́n ń mú òun lọ bá."

Ó dìde, ó wọlé. Mo gbé àpò mi padà.

Ní Lásunwọ̀n, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ obìnrin, mo sì kúrò ní ipò olórí. Dùnsìn wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Mo ti ń retí pé kó fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn wò mí pẹ́, ó ní, "Mà, ẹ̀yin náà?" Ó di ọwọ́ mi mú. Ìbáwí wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ Ìkòròdú kò san gbèsè Ẹ̀pẹ́. Ibi tí mo ti dójú ti Fàlílátù ni mo gbọ́dọ̀ lọ. Mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó. Ó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé kí n wá ní ọjọ́ ìkàwé mìíràn.

Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Fàlílátù jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó di ọwọ́ pọ̀ lé orí ìwé rẹ̀. Waliyah jókòó tì í bí ẹ̀ṣọ́.

Èmi náà mú ohun kan wá láti ilé. Mo na àpò oúnjẹ ajá tó ní ẹlẹ́dẹ̀ yẹn síwájú wọn, mo wọ awò, mo fi ìka sí i. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ohun tí mo sì sọ nìyí:

"Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, èmi Morìnsọ́lá wá ka ohun tí kò yẹ kí n fò. Adìẹ. Ìrẹsì. Òróró ẹja. Ẹlẹ́dẹ̀. Kárọ́ọ̀tì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i. N kò ṣì í kà. Mo purọ́ ni. Alhaja Waliyah, mo purọ́ fún yín, ẹ forí jì mí. Ìyá Mubashir, ẹ tọ́ ọ wò níṣojú mi, mo sì panu mọ́. Mo gba ọmọ yín lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ní kí n jẹ́ ojú yín. Ojú tó rí i, tó ní òun kò rí i, ó burú ju èyí tó fọ́ lọ. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ tún pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ forí jì mí nìkan ni mo wá sọ."